Ẹ̀tù Tí Mo Sá Sóòrùn ní Nunhead

Kò sí ẹni tó dé ẹgbẹ́ ìyìnbọn wa tí kò mọ̀ pé ọmọ ọdẹ ni mí. Èmi fúnra mi ni mo máa ń sọ ọ́ kí wọ́n tó béèrè. Ó ti di ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti ń wa bọ́ọ̀sì ní Peckham, ikùn mi ti yọ, ojú ọ̀tún mi ń fẹ́ gíláàsì. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Àìkú tí mo bá gbé ìbọn mi dé pápá wa ní Kent, màá di Sàká ọmọ ọdẹ Ṣakí. Màá wá sọ ìtàn àtàǹpàkò bàbá mi, tí àmọ̀tẹ́kùn gé jẹ láàárín igbó, tí Bàbá sì fi ọwọ́ kejì yìnbọn pa á. Jonathan, òyìnbó káfíńtà tó ti fẹ̀yìn tì, ni akọ̀wé ẹgbẹ́ wa. Ó ti gbọ́ ìtàn náà tó ìgbà ogún, ó ṣì máa ń ní kí n tún un sọ fún àlejò.

Ohun tí mi ò sọ fún wọn rí ni pé mi ò fọwọ́ kan ìbọn Bàbá rí. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún méje tí Bàbá yìn ín lẹ́yìnkùlé, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ti fà mí jáde. London ni mo ti wá di ọdẹ, pẹ̀lú ìwé àṣẹ ọlọ́pàá àti àpótí irin tí wọ́n wá yẹ̀ wò nínú ilé.

Nínú ẹgbẹ́ wa, a kì í ra ọta tí wọ́n ti dì. Àwa fúnra wa la máa ń wọn ẹ̀tù sínú ìkarahun idẹ, tí a ó sì tẹ ọta lé e lórí. Lọ́dún yìí, wọn ò ṣe ẹ̀tù tó ti mọ́ wa lára mọ́. Jonathan bá wá tuntun, agolo kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan àwa mẹ́wàá. Ó ní kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìwọ̀n tó kéré jù nínú ìwé tó bá a wá, kí ẹnikẹ́ni má fi ọgbọ́n orí tirẹ̀ kún un. Ọjọ́ Àìkú kejì la ó dán an wò, ọjọ́ yẹn náà ni yóò sì yan ẹni kẹrin tí yóò bá àwọn mẹ́ta tó ti yàn lọ sí ìdíje. Èmi àti Wisdom, nọ́ọ̀sì kan láti Lewisham, ló kù. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń dúró de ipò yẹn, mo tiẹ̀ ti ń lá a lálàá.

Nígbà tí mo délé, mo fọwọ́ kan ẹ̀tù náà. Ó tutù díẹ̀, bí ẹni pé ọ̀rinrin wà lára rẹ̀. Ní ilé wa, ọdẹ kì í rọ ẹ̀tù láì kọ́kọ́ sá a. Bàbá máa ń tẹ́ tirẹ̀ sórí awọ lójú oòrùn, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ mú iná kọjá níbẹ̀. Jonathan ò lè mọ ìyẹn. Mo sọ fún ara mi pé ọgbọ́n ìdílé nìyí, kì í ṣe ọgbọ́n orí. Oòrùn sì mú ní Nunhead lọ́sẹ̀ yẹn bí ẹni pé wọ́n rán an sí mi. Mo da ẹ̀tù sórí tíréè Àsúmáù ìyàwó mi, mo sá a sí gáádìn fún ọjọ́ mẹ́ta.

"Daddy Bàrákàt," ó ní, "ṣé gunpowder lẹ dà sórí baking tray mi?"

"Àsúmáù, tradition ni. Ṣebí ọmọ ọdẹ lo fẹ́."

"Bus driver ni mo fẹ́. Ẹ ra tíréè míì fún mi."

Nígbà tó yá, mo wọn ẹ̀tù náà bí ìwé ṣe wí, ìwọ̀n tó kéré jù. Nígbà tí ọjọ́ Àìkú pé, èmi ni mo kọ́kọ́ yìn. Ìbọn gbá mi léjìká bí kò ṣe gbá mi rí. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀rọ tó ń ka bí ọta ṣe ń sáré tó gbé nọ́ńbà tó ju èyí tó ga jù nínú ìwé lọ jáde. Lẹ́ẹ̀kẹta, irin tí a fi ń ṣí ẹ̀yìn ìbọn há. Mo fà á, kò mì.

"Dúró!" Jonathan pariwo. Ó bá mi ṣí i, ó yẹ ìdí ìkarahun náà wò, ojú rẹ̀ yí padà. "Ìwọ̀n wo lo fi sí i?"

"Èyí tó kéré jù."

"O ò ṣe nǹkan míì sí i?"

"Rárá." Irọ́ náà bọ́ lẹ́nu mi wẹ́rẹ́.

Jonathan bá kọjú sí àwọn yòókù. Ó ní tí ìwọ̀n tó kéré jù bá lè ṣe báyìí, ẹ̀tù náà ò dáa. Kí ẹnikẹ́ni má yìn ín mọ́, gbogbo agolo ni a ó dá padà, a ò sì ní lọ sí ìdíje lọ́dún yìí. Wisdom ń kó ọta tó fi gbogbo ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ wọ̀n padà sínú àpótí. Ojú tì mí gan-an.

Mo bọ́ síta níbi tí a ń gbé mọ́tò sí, mo pe Bàbá ní Ṣakí. Mo fẹ́ kí wọ́n sọ fún mi pé bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn.

"Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo sá ẹ̀tù tuntun kan sóòrùn, ó wá le jù nínú ìbọn."

"Ṣé òjò pa á ni?"

"Rárá, sà. Inú agolo tí wọ́n dé pa ló wà."

"Kí lo wá sá a fún? Àgbẹjù ló mú un le. Tiwa tí òrùlé ń jò lé lórí la máa ń sá." Wọ́n tún béèrè pé, "Ṣé ìka rẹ pé?"

"Ó pé, sà. Mẹ́wẹ̀ẹ̀wá."

"Alhamdulillah. Tèmi ò pé."

"Mo mọ̀, Bàbá. Àmọ̀tẹ́kùn yẹn…"

"Àmọ̀tẹ́kùn wo? Ìgbà òjò ni, oòrùn ò yọ, mo bá gbé ẹ̀tù sún mọ́ ààrò ìyá rẹ kó lè tètè gbẹ. Iná ràn mọ́ ọn, òun ló gba àtàǹpàkò mi. Èmi olórí ọdẹ, kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn? Ìyá rẹ ló ní kí n sọ pé ẹranko ni."

Ẹ̀rín ń pa mí, omi sì ń bọ́ lójú mi. Ogójì ọdún ni bàbá mi ti ń gbé irọ́ yẹn kiri. Tèmi ò tíì pé ìdajì wákàtí, ó ti wọ̀ mí lọ́rùn.

"Sàká," wọ́n ní, "lọ sọ fún wọn kí wọ́n tó da ẹ̀tù ẹlẹ́tù nù. Sọ tèmi náà mọ́ ọn bó o bá fẹ́. Àwọn tí mo ń tìtorí wọn purọ́ ti kú tán."

Mo padà wọlé, mo dúró níwájú gbogbo wọn. Mo ní ẹ̀tù wọn kò ní àbùkù kankan, pé èmi ni mo sá tèmi sóòrùn fún ọjọ́ mẹ́ta lórí tíréè ìyàwó mi. Wisdom ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Jonathan kò rẹ́rìn-ín. Ó pa orúkọ mi rẹ́, ó kọ ti Wisdom, ó gba agolo mi, ó sì ní mi ò gbọdọ̀ yìnbọn ní pápá fún oṣù mẹ́ta. Mo ní ó tọ́ sí mi.

Wisdom yin tirẹ̀ lẹ́ẹ̀márùn-ún. Àtẹ́lẹwọ́ kan lè bo gbogbo ihò rẹ̀ lórí páálí tí a ń yìnbọn sí.

Nígbà tí a ń mu tíì, Jonathan mú àlejò kan wá bá mi, ó ní kí n sọ ìtàn àmọ̀tẹ́kùn fún un. Mo wo àtàǹpàkò mi méjèèjì, wọ́n pé. Mo sọ fún àlejò náà pé kò sí àmọ̀tẹ́kùn kankan, ààrò ìyá mi ni.