Àpótí Ìjókòó Bàbá Ẹ-sá

Èyí tí gbogbo èèyàn ń kọ́kọ́ sọ nípa Bàbá Ẹ-sá ni ti ọjọ́ tó lé gbogbo òpópónà sá. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ìdíje oníbàárà kan ló fẹ́ dán wò níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó di nọ́ọ̀tù tó kù, ó nu ọwọ́, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá fi gbogbo ohùn pariwo: "Ẹ sá o! Ẹ sá!" Ó yí kọ́kọ́rọ́, òun fúnra ẹ̀ ló sì kọ́kọ́ ki eré mọ́lẹ̀. Onígbàjámọ̀ tó wà ní òdìkejì títì ju ẹ̀rọ ìgẹrun sílẹ̀. Ìyá Oníbúrẹ́dì gbé àtẹ, ó gbàgbé bàtà. Ẹni tí wọ́n ń gẹ irun fún náà sá tẹ̀ lé wọn, aṣọ funfun lọ́rùn, ìdajì orí ẹ̀ ń dán bí àwo. Ẹ́ńjìnnì ní tiẹ̀ ń dún jẹ́jẹ́ bí ológbò tó yó. Nígbà tó ṣe díẹ̀, Bàbá yọ orí lẹ́yìn ògiri.

"Ṣé kò já?"

"Kò já o!" ni onígbàjámọ̀ dá a lóhùn.

"Mo mọ̀ pé kò ní já," Bàbá ní. "Ta ló ṣe é?"

Ẹ̀rù ń bà á lóòótọ́ ni, kì í ṣe eré. Nígbà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́, kọ́nrọ́ọ̀dù kan já nínú ẹ́ńjìnnì tó ń sáré burúkú. Kọ́nrọ́ọ̀dù yìí ni apá irin tó di písítìn tó ń lọ sókè sódò mú lókè, tó di kíráǹkì tó ń yí mú nísàlẹ̀. Irin ọ̀hún dá ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì lu, ó gba àárín òun àti ọ̀gá ẹ̀ kọjá, ó ká fìlà kúrò lórí Bàbá, ó lọ rì sínú ilẹ̀kùn. Bí ó bá wálẹ̀ díẹ̀ sí i, orí ni ì bá ká. Fìlà tó lu ihò yẹn ló fi kọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù. Tí oníbàárà bá wọlé pé òun fẹ́ ẹ́ńjìnnì tó lágbára ju ti gbogbo èèyàn lọ, Bàbá á nawọ́ sí i. "Ẹ kọ́kọ́ kí ìyẹn ná."

Abẹ́ fìlà yìí ni ọmọ kan ṣoṣo tó bí ti dàgbà, ọmọbìnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ọmọ Ẹ-sá. Láti kékeré ló ti ń wo ihò inú fìlà, tí ẹ̀rù á máa bà á. Síbẹ̀, nǹkan tí ẹ̀rù ẹ̀ ń bà á yẹn náà ló ń fà á. Ọjọ́ tó sọ fún bàbá ẹ̀, bàbá ọ̀hún kọ́kọ́ wá ibi jókòó.

"Bàámi, mo fẹ́ máa wa ọkọ̀ ìdíje."

Bàbá wo fìlà, ó wo ọmọ. "Iṣẹ́ télọ̀ ńkọ́? Iṣẹ́ gidi ni."

"Bàámi."

"Abẹ́rẹ́ kì í fò jáde lára ẹ̀rọ kó gba fìlà ẹlòmíì lọ."

"Bàámi, ẹ jọ̀ọ́."

Bàbá mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Ó kù kí n lọ wá irin tí ò ní já."

Ó wá irin yẹn kiri títí àwọn tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ fi ń ti ilẹ̀kùn bí wọ́n bá rí i lókèèrè. Ọ̀kan nínú wọn ò tètè rí i. Ó kó àwọn tó ń dán gbinrin síta. "Bàbá, ẹ wò ó! Irin yìí ò lè já láyéláyé."

"Ṣé ẹ ti bímọ?" Bàbá bi í.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ọkùnrin ni."

"Ṣé ọmọ yín lè jókòó sẹ́yìn ẹ̀?"

"Ọmọ mi ò ní mọ́tò, sà."

"Mi ò bi yín ní ti mọ́tò. Mo ní tí wọ́n bá tẹ ẹ́ńjìnnì mọ́lẹ̀ dé ìparí, ṣé ọmọ yín lè jókòó sẹ́yìn irin tẹ́ ẹ mú dání yìí?"

Ọ̀gbẹ́ni yìí wo irin ọwọ́ ẹ̀. Ó rọra kó àwọn tó ń dán kúrò lórí káńtà, ó bẹ̀rẹ̀ sísàlẹ̀, ó gbé òmíràn tí wọ́n fi bébà elépo wé jáde. Bàbá ní, "Àwọn àkọ́kọ́ ńkọ́?"

"Ìyẹn fún àwọn tí ò bímọ, sà."

Ilé ni ìyọnu wá wà. Bàbá á fi òwú so irin kọ́ sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, á fi ìdí ṣíbí kàn án, á gbé etí tì í. Èyí tó bá dún gooro, tó pẹ́ kó tó dákẹ́, ó ti jẹ́ ìpè nìyẹn. Èyí tó bá dún pọ̀ bí ìkòkò tó sán, ó ti di ti ìdọ̀tí. Lẹ́yìn náà ló máa kó àwọn tó yege lọ sórí òṣùwọ̀n Ìyá Oníbúrẹ́dì.

"Ṣé ẹ fẹ́ kí búrẹ́dì mi máa rùn bí epo ẹ́ńjìnnì ni?"

"Ẹ jẹ́ kó rùn. Bí ọ̀kan bá fi díẹ̀ wúwo ju ìkejì lọ, ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n. Ibi tó bá ti ń gbọ̀n náà ló ti máa tú."

Ọjọ́ yẹn gan-an ni wẹ́dà kan tó ń jó irin pọ̀, tó ń fẹ́ Ọmọ Ẹ-sá, wá kí bàbá ìyàwó, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Ọmọ Ẹ-sá ń bi bàbá ẹ̀ léèrè pé ṣé ibi tí irin ti ń ti nǹkan ló ti máa ń já. Bàbá di apá wẹ́dà mú, ó tì í. Wẹ́dà rẹ́rìn-ín músẹ́. Bàbá ti apá náà dé òkè, ó wá já a gbà padà lójijì.

"Yéè! Apá mi o!"

"Ṣé o rí i?" Bàbá sọ fún ọmọ ẹ̀. "Títì ò ṣe é ní nǹkan kan. Ìgbà tí písítìn bá sáré dé òkè, tí kíráǹkì já a padà, ìgbà yẹn ni apá ń fẹ́ yọ." Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ, ó fi ìdí ṣíbí kan orúnkún wẹ́dà, ó gbé etí tì í.

"Bàámi, kí lẹ gbọ́?"

"Kò sán. Ẹ lè fẹ́ra yín."

Bí ẹ́ńjìnnì ọmọ ẹ̀ ṣe parí nìyẹn. Bàbá pariwo, "Ẹ sá o!" Gbogbo èèyàn sá. Ọmọ Ẹ-sá dé ẹ̀yìn ògiri, ó wo ẹ̀gbẹ́, kò rí bàbá ẹ̀. Ó yọjú. Bàbá ti fa àpótí ìjókòó ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, ibi tí irin máa gbà jáde gẹ́lẹ́ tó bá já. Ó jókòó lé e, ó di ojú, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún, wẹ́dà sì ń tẹ iná mọ́ ẹ́ńjìnnì bó ṣe ní kó máa tẹ̀ ẹ́.

"Bàámi, ẹ kúrò níbẹ̀! Ẹ̀ẹ́ kú o!"

Ẹ́ńjìnnì ń ké bí ẹni pé ayé fẹ́ ya. Bàbá ò mira. Nígbà tí wọ́n pa á, ọmọ ẹ̀ sáré dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. "Kí ló dé tẹ́ ò sá?"

"Ìwọ lo máa jókòó tì í. Mo ní kí n kọ́kọ́ jókòó wò."

"Ó dáa, ẹ dìde ká lọ."

"Dìde kẹ̀? Ẹsẹ̀ ò sí níbẹ̀ mọ́."

Tòun tàpótí ni wọ́n gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù Ìyá Oníbúrẹ́dì lọ mu omi. Bó sì ṣe ń ṣe é nìyẹn: ti oníbàárà, ó sá, ti ọmọ ẹ̀, ó jókòó, wọ́n gbé e.

Àìsàn tí ò pẹ́ ló mú un lọ. Ẹ́ńjìnnì kan ló fi sílẹ̀, ti ọmọ ẹ̀ ni. Ó ti dì í, kò tíì tàn án. Ọjọ́ ìdíje ń súnmọ́lé, ó sì di dandan kí ẹnì kan yí kọ́kọ́rọ́. Ọ̀gbẹ́ni tó ń ta irin wá kí wọn kú àṣẹ̀yìndè, ó wá sọ fún Ọmọ Ẹ-sá: "Bàbá ò ra irin ti ẹ̀ẹ̀kan yìí lọ́wọ́ mi o."

Ọwọ́ ta ló ti wá rà á? Ṣé ó fi ṣíbí kàn án gbọ́? Ṣé ó wọ̀n ọ́n? Tí kò bá wá rí i ṣe kí àìsàn tó dé ńkọ́? Ibi tó bá yíjú sí, fìlà yẹn ló ń rí.

"Jẹ́ ká tú u," ni ọkọ ẹ̀, wẹ́dà, sọ.

"Ká tú u ká wá rí kí ni? Etí Bàámi ló mọ̀ ọ́n, ojú wa kọ́."

Wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ká tapólì kúrò lórí ẹ́ńjìnnì. Àpótí ìjókòó nìyẹn lábẹ́ tapólì, ní ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì, ibi tí irin máa gbà jáde gẹ́lẹ́.

"Ta ló gbé e síbí?"

"Kò sẹ́ni tó wọbí látìgbà tí Bàámi ti fọwọ́ ara wọn ti ilẹ̀kùn."

Ọmọ Ẹ-sá dúró sójú kan. Ó mọ bàbá ẹ̀. Tí ọ̀kan péré nínú irin yẹn bá kọ ọ́ lóminú, òdìkejì títì ni ì bá gbé àpótí sí. Ẹ̀rín fẹ́ pa á, ẹkún ló bá jáde. Ó fọwọ́ nu eruku kúrò, ó jókòó.

"Ìyàwó mi, dìde níbẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí."

"Ó ń ba èmi náà. Yí kọ́kọ́rọ́." Ọwọ́ ọkọ ẹ̀ dé orí kọ́kọ́rọ́. "Dúró!" Ọmọ Ẹ-sá kọjú sí títì, ó fi gbogbo ohùn tó ní pariwo: "Ẹ sá o! Ẹ sá!"

Àdúgbò ò gbọ́ igbe yẹn mọ́ látìgbà tí wọ́n ti sin Bàbá. Onígbàjámọ̀ ju ẹ̀rọ sílẹ̀. Ìyá Oníbúrẹ́dì tí orúnkún ń dùn gbé àtẹ, ó fi bàtà sílẹ̀, ó sáré. Ẹ̀yìn ògiri ló ti ń rẹ́rìn-ín, tó ń fi ìborùn nu ojú.

Ẹ́ńjìnnì gbà. Ó ròkè, ó tún ròkè, ó ké dé ibi tí irin burúkú ti máa ń já. Ọmọ Ẹ-sá di ojú, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún. Ó wà níbẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ọkọ ẹ̀ fi pa á.

Onígbàjámọ̀ yọ orí lẹ́yìn ògiri. "Ṣé kò já?"

"Kò já," Ọmọ Ẹ-sá ní. "Ṣé ẹ ò mọ ẹni tó ṣe é ni?" Ó fẹ́ dìde. Ẹsẹ̀ ò sí níbẹ̀.

Ọkọ ẹ̀ mú ẹ̀gbẹ́ kan, onígbàjámọ̀ mú ìkejì, wọ́n gbé e tòun tàpótí sọdá títì. Ìyá Oníbúrẹ́dì ti ń bu omi sílẹ̀ dè é.

"Ẹ rọra o," ni onígbàjámọ̀ ń wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Òun àti bàbá ẹ̀, ìwọ̀n kan náà ni."