Ìdí Tí Máámi Kò Fi Pọ̀n Ọmọ Mi

Máámi kọ̀, wọn ò pọ̀n ọmọ mi. Wọ́n ń wẹ̀ ẹ́, wọ́n ń gbé e sórí ẹsẹ̀, wọ́n ń kì í, ṣùgbọ́n bí mo bá ti mú ọ̀já wá báyìí, ẹ̀yìn ti ń dùn wọ́n nìyẹn. Ẹ̀yìn kan náà kì í dùn wọ́n tí wọ́n bá ń fọ aṣọ.

Àwọn àgbà ní ìbínú kò da nǹkan, ṣùgbọ́n tèmi kì í dúró gbọ́. Ọmọ onílẹ̀ ni Máámi l'Ápápá. Èmi lọ fẹ́ ọmọ Ìgbò tó ń wa tírélà ní Creek Road, mo sì ń bá a gbé Ajégúnlẹ̀, níbi tí Máámi ti wá bá wa tọ́jú ọmọ. Wọn ò bá wa jà nígbà ìgbéyàwó, mo wá gbà pé ara ọmọ mi ni wọ́n ti fẹ́ ja ìjà náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo sọ ọ́ sí wọn lójú: "Máámi, ká ní Yorùbá ni bàbá ẹ̀ ni, ẹ̀ bá ti pọ̀n ọ́n."

"Abeg, leave Mama," ọkọ mi ní, ó sì bá iṣẹ́ lọ.

Máámi ń ká aṣọ ọmọ lọ. Mo fi ìbínú wọ balùwẹ̀.

Ọmọ bú sẹ́kún. Ó ké, ó ké, ó wá dákẹ́ lójijì. Mo fi ìró wéra, mo sáré jáde. Máámi dúró láàárín pálọ̀, ọmọ mi wà lẹ́yìn wọn, ọ̀já dúró dáadáa. Ìtọ̀ ń ṣàn lẹ́sẹ̀ wọn sílẹ̀. Wọ́n ń sunkún, wọ́n sì ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

"O ti rí i báyìí," wọ́n ní. "Tí mo bá sín, tí mo bá rẹ́rìn-ín, tí mo bá bẹ̀rẹ̀ gbé nǹkan, ó ti dé nìyẹn. Ṣé kí n wá máa tọ̀ sílẹ̀ nílé àna mi ni?"

Mo kúnlẹ̀ sínú omi náà, mo di ẹsẹ̀ wọn mú. Ìtìjú tèmi ju tiwọn lọ.

"Ẹ ò ṣe sọ fún mi? Ẹ kàn jẹ́ kí n máa bínú sí yín."

"Ìbínú rẹ máa tán. Mo mọ ọmọ mi."

Dókítà obìnrin tí a lọ bá ṣàlàyé pé ìbímọ àti ọjọ́ orí ló sọ iṣan tó gbé ilé ìtọ̀ dúró di dẹngbẹrẹ. Ó kọ́kọ́ ní kí Máámi máa fún abẹ́ pọ̀ bí ẹni tó ń mú ìtọ̀ mọ́ra. Wọ́n ṣe é fún oṣù mẹ́ta, ó dín kù, kò tán. Ó wá sọ ti iṣẹ́ abẹ: àwọn á gé iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ kan níkùn Máámi gan-an, àwọn á fi gbé ọ̀nà ìtọ̀ ró lábẹ́.

Máámi wò ó. "Dókítà, ọ̀já lẹ fẹ́ dì fún ìtọ̀ mi nìyẹn?"

Dókítà rẹ́rìn-ín títí. "Òun gan-an ni, mà."

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere. Dókítà ní Máámi ò gbọdọ̀ gbé nǹkan wúwo fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mo sì ń ṣọ́ wọn bíi máígádì. Lọ́jọ́ tí dókítà fọwọ́ sí i, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé ọmọ pọ̀n. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ wúkọ́. Wọ́n wolẹ̀. Wọ́n tún wúkọ́, ilẹ̀ gbẹ. Inú mi dùn débi pé mo pariwo.

Ìgbà yẹn ni mo tó bi wọ́n pé ìgbà wo ni ìtọ̀ náà bẹ̀rẹ̀.

"Ìgbà tí mo bí ọ ni. Kò tíì pọ̀ nígbà yẹn."

"Ẹ sì pọ̀n mí?"

"Títí o fi pé ọdún méjì ààbọ̀. Tí ìró mi bá tutù, màá ní ìwọ lo tọ̀ sí mi lẹ́yìn." Wọ́n fọwọ́ gbá ìdí ọmọ mi pẹ́pẹ́. "Eléyìí, pámpáàsì lò ń wọ̀ fún un. Ta ni ǹ bá di ẹ̀bi rẹ̀ rù?"