Ìtọ̀ Ajá Lórí Ilẹ̀ Ìkírun

Gbólóhùn kan ṣoṣo ni òyìnbó náà fi sílẹ̀ fún ọkọ mi: ajá kì í yàgbẹ́ sí ibi tó ń sùn. Ó ní kí a ti ọmọ ajá náà mọ́ inú àpótí, kí a máa gbé e síta bó bá jẹun tán àti bó bá jí, pé kí oṣù kan tó pé yóò ti mọ̀ pé ìta ni à ń tọ̀ sí. Ọkọ mi gba gbólóhùn yìí gbọ́ bí ẹni gba hádíìsì gbọ́. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un lójú kòrókòró. Mo tọrọ àforíjì ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ Ọlọ́run lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n n kò tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ mi títí di òní.

Lọ́kọ́ja ni a wà, ní ọdún díẹ̀ kí a tó gba òmìnira. Akọ̀wé sítọ́ọ̀ ni ọkọ mi ní ilé-iṣẹ́ kan létí odò, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń já ẹrù. Òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ ń lọ sílé fún ìsinmi oṣù mẹ́fà, ó sì fi ọmọ ajá kan sí i lọ́wọ́, pupa, tí etí rẹ̀ wọ́ wálẹ̀. Ó fún un ní àpótí pẹ̀lú, àpótí onígi tí wọ́n fi ń kó tíìnì kẹrosíìnì méjì wá láti òkè òkun, tí káfíńtà ti kan ilẹ̀kùn sí lẹ́nu. Ó ní pálọ̀ ni kí àpótí náà wà, kí ajá lè máa gbọ́ ohùn ènìyàn. Yàrá kan àti pálọ̀ ni ilé tí wọ́n fún wa. Pálọ̀ náà ni a ti ń kí ìrun.

Ilé-kéú bàbá mi ní Ìlọrin ni mo ti mọ̀wé. Kí n tó mọ ọbẹ̀ sè ni mo ti mọ ohun tó ń ba àlùwàlá jẹ́ àti ohun tó ń ba ilẹ̀ ìkírun jẹ́. N kò kórìíra ajá. Ẹ̀dá Ọlọ́run ni, àwọn ọdẹ àti darandaran sì ń sìn ín, kò sí ẹni tó bá wọn wí. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbin ni ìtọ̀ rẹ̀, ìtọ̀ yẹn náà ni mo sì ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́, pẹ̀lú oyún oṣù méje nínú.

Oyún kẹta nìyẹn. Méjì àkọ́kọ́ ti bà jẹ́ lára mi, èkejì ní oṣù karùn-ún. Mo ti ránṣẹ́ sí ìyá mi ní Ìlọrin pé kó wá, kó wà lọ́dọ̀ mi nígbà ìkúnlẹ̀, kó sì jókòó tì mí fún ogójì ọjọ́. Ẹ̀rù ń bà mí. Kò sí ọwọ́ mìíràn láyé tí mo fẹ́ kó gba ọmọ náà bí kò ṣe ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tó jíṣẹ́ fún un ti sọ fún un nípa ajá, nítorí èsì tó padà wá láti ẹnu awakọ̀ lọ́rì rèé:

"Ìyá yín ní òun ń bọ̀ tí oṣù tuntun bá lé. Ó ní ṣùgbọ́n òun kò lè kí ìrun nínú ilé tí ajá ń tọ̀ sí. Ó ní ọjọ́ tí ẹsẹ̀ òun bá tẹ ìtọ̀ ajá nínú ilé yín, ọjọ́ náà ni òun máa di ẹrù òun."

Ìyá mi kì í sọ̀rọ̀ kó má mú un ṣẹ. Mo ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti fi kọ́ ajá.

Aago méje àárọ̀ ni ọkọ mi ń jáde, ó di aago mẹ́rin kó tó wọlé. Ta ni yóò gbé ajá síta bó bá jẹun tán? Èmi ni. Bó bá jí ńkọ́? Èmi náà ni. Màá gbé e dé ẹ̀yìnkùlé, yóò gbóòórùn koríko, yóò lé aláǹgbá, yóò wo ojú mi. Ìdajì wákàtí, kò ní ṣe nǹkan kan. Bí mo bá ti dá a padà sínú àpótí tí mo ti ilẹ̀kùn, ìgbà yẹn ni yóò tọ̀. Pákó àpótí náà kò pàdé. Ìtọ̀ a gba àlàfo rẹ̀ yọ, a ṣàn gba orí símẹ́ǹtì lọ síbi tí awọ àgbò tí a fi ń kírun wà. Mo ká awọ náà, mo fi kọ́ ìṣó lára ògiri, ṣùgbọ́n n kò lè fi ilẹ̀ kọ́ ìṣó.

Ìgbẹ́ rẹ̀ ni mo tọ́jú bí a ṣe ń tọ́jú ti ọmọ ọwọ́ nílé wa: mo bu eérú lé e lórí, mo fi páálí kó o, mo fọ ibẹ̀. Mo tún da eérú sí ìsàlẹ̀ àpótí, lábẹ́ àpò ìdọ̀họ tó ń sùn lé, kó lè máa fa omi. Lójoojúmọ́ ni mò ń pààrọ̀ eérú náà. Bí mo bá ti da tuntun sí i, ajá náà a wọlé, a yí po lẹ́ẹ̀mejì, a sì lóṣòó lé e. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo fi ìgbálẹ̀ nà án lọ́jọ́ kan, ó sì tún tọ̀ láti inú ẹ̀rù, mo tún kúnlẹ̀ fọ ìyẹn náà. Kíkúnlẹ̀ kò nira tó dídìde. Mo ní láti di ẹsẹ̀ àga mú kí n tó lè gbé ara mi nílẹ̀, lẹ́yìn náà ni mo tó lè ṣe àlùwàlá, kí n kí ìrun àílà tí àkókò rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ.

Àwa pẹ̀lú ìyàwó ọlọ́kọ̀ odò kan la jọ ń lo ẹ̀yìnkùlé, ọmọ Núpé tó ti bí mẹ́fà. Òun ló sọ mí lórúkọ.

"Ìyá Ajá, sànnú. Ọmọ ńkọ́? Ó sùn lánàá?"

Gbogbo obìnrin tó wà níbẹ̀ a rẹ́rìn-ín. Kò ní mí sínú, mo mọ̀, òun náà ló ń bá mi gbé omi láti ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ti sin oyún méjì, tí kò tíì ní ọmọ tí wọ́n lè fi pè é, kò yẹ kó jẹ́ ajá ni wọn yóò kọ́kọ́ fi pè é. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan, mo bá ọkọ mi sọ ọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé àpótí yìí lọ sí ẹ̀yìnkùlé kí ìyá mi tó dé."

"Kí ìkookò sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè Patti wá gbé e? Kí ni màá wí fún ọ̀gá? Àmáànà ni, ohun tí wọ́n fi síni níkàáwọ́."

"Ta ló gba àmáànà náà?"

"Èmi ni."

"Ta ló ń kó ìgbẹ́ rẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ń bọ́ bàtà rẹ̀ lọ́wọ́. "Ọ̀rọ̀ ẹ ti pọ̀ jù. Ajá kì í yàgbẹ́ sí ibi tó ń sùn. Sùúrù ni."

"Àárọ̀ yìí ló yà á sí ibi tó ń sùn. Ẹ fi imú yín wò ó."

"O kò gbé e síta lásìkò nìyẹn."

Ọkọ mi kì í ṣe ènìyàn burúkú. Kò gbé ọwọ́ sókè sí mi rí, owó oúnjẹ kò sì wọ́n mi lọ́wọ́. Ìdí rèé tí inú fi ń bí mi tó bẹ́ẹ̀. Ènìyàn rere jókòó sórí àga, ó ń mu omi tútù, ó ń wo aboyún tó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ìtọ̀ ajá tí òun gbé wálé, ó sì ń gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè kí omi má baà kàn án.

Ìyá mi dé. Lọ́rì já a sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá Paparanda ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, eruku ọ̀nà Kàbà lórí ìborùn rẹ̀, búútà àlùwàlá rẹ̀ lọ́wọ́. Láti òwúrọ̀ ni mo ti ń fọ ilé. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ìyá mi sì kí i padà bí a ti ń kí àna pàtàkì. Ó wo àpótí náà ní igun pálọ̀. Ó kí ìrun rẹ̀ ní igun kejì, ó jẹun, ó fọwọ́ kan ikùn mi, ó ní, "Alhamdulillahi, ọmọ yìí ti kọ orí sísàlẹ̀." Mo sun oorun tí n kò tíì sùn láti oṣù méjì.

Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun àsùbáà tí ilẹ̀ ti mọ́, ìyá mi lọ sí ilé ìdáná láti gbé omi kaná fún mi. Ọkọ mi ti múra iṣẹ́, ṣẹ́ẹ̀tì funfun àti ṣòkòtò kakí, ó sì ṣí àpótí sílẹ̀ fún ajá. Kò gbé e síta. Ajá náà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde. Ó kọjá lórí koríko, ó kọjá lórí iyanrìn, ó wọ ilé ìdáná lọ tààrà, ó lóṣòó yàgbẹ́ sínú eérú ẹ̀gbẹ́ ààrò, níwájú ìyá mi.

"Wá wò ó," ni ìyá mi pè mí. Kò pariwo. "Ajá yìí kò ṣìnà. Kí lo máa ń dà sínú àpótí rẹ̀?"

"Eérú ni, Ìyá."

"Níbi tó bá yàgbẹ́ sí ńkọ́?"

"Eérú náà ni."

"Ìwọ lo kọ́ ọ. Ó rò pé ibi tí eérú bá wà ni ilé ìgbẹ́ òun. Ó sì gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu, ó gbọ́ràn ju àwọn ọmọ kan lọ."

Mo dúró bí ẹni tí wọ́n da omi tútù lé lórí. Gbogbo ẹgba tí mo fi ìgbálẹ̀ nà án, èmi ni mo jẹ̀bi wọn. Bóyá ǹ bá fi ara mi rẹ́rìn-ín, bí kì í bá ṣe pé ọkọ mi ti wà lẹ́nu ọ̀nà, tó gbọ́ ọ.

"Ṣé o rí i?" ó wí, inú rẹ̀ dùn. "Mo ṣáà wí. Ọ̀rọ̀ òyìnbó kò kùnà, ìwọ lo bà á jẹ́."

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ níwájú Ọlọ́run. Bí ọmọ odó bá wà ní àrọ́wọ́tó mi lọ́jọ́ náà, n kò mọ ohun tí ǹ bá ṣe.

Ìyá mi kọjá láàárín wa, ó wọ pálọ̀ lọ. Àwa méjèèjì gbọ́ ọ nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró. Mo sáré tẹ̀ lé e. Ìtọ̀ tí ajá tọ̀ kí ọkọ mi tó ṣí àpótí ti ṣàn dé àárín ilé, ẹsẹ̀ ọ̀tún ìyá mi sì wà nínú rẹ̀.

Mo ń wo ẹrù rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo ti ń rí i lórí rẹ̀, mo ti ń rí lọ́rì tó ń padà lọ sí Kàbà, mo sì ń rí ara mi pẹ̀lú ìrora ọmọ láìsí ẹnì kankan.

"Gbé garawa omi wá fún mi," ni ìyá mi wí. "Àti búrọ́ọ̀ṣì."

Ó fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó kúnlẹ̀ lórí símẹ́ǹtì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ilẹ̀.

Gbogbo ẹni tó bá ní àna mọ ohun tí èyí jẹ́. Ojú ọkọ mi yí padà. "Ìyá, ẹ dìde. Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, kì í ṣe iṣẹ́ yín."

"Ẹ máa lọ síbi iṣẹ́ yín, ọkọ ọmọ mi. Kí ọ̀gá má baà bínú." Kò gbé orí sókè. "Iṣẹ́ obìnrin ni. Ṣebí ẹ ti ń wò ó bọ̀ látìjọ́."

Ọkọ mi wólẹ̀ lórí eékún rẹ̀ pẹ̀lú kakí tí mo lọ̀ fún un lálẹ́ àná. Ó bẹ̀ ẹ́, ó sì gba búrọ́ọ̀ṣì náà lọ́wọ́ rẹ̀. Agogo ilé-iṣẹ́ dún létí odò, kò dìde. Ìyàwó ọlọ́kọ̀ yọjú lójú fèrèsé, ó wò ó pẹ́.

"Bàbá Ajá," ó wí, "sànnú da aíkì, ẹ kú iṣẹ́ o."

Ó yẹ kí inú mi dùn. Ìgbà yẹn gan-an ni inú bí mi jù. Ìṣẹ́jú kan péré ni ìyá mi lò lórí eékún rẹ̀ kí ọkọ mi tó rí i. Oṣù méjì ni èmi ti wà níbẹ̀. Kì í ṣe pé kò mọ̀ pé ohun tí ń dójú tini ni. Ó mọ̀. Kò kàn rò pé mo ní ojú tí wọ́n lè dá tì.

Ìyá mi kò di ẹrù rẹ̀. Ó ní ẹni tó ni ẹ̀gbin ti fọ̀ ọ́, ilẹ̀ ti mọ́. Lọ́jọ́ náà ni ọkọ mi gbé àpótí jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn, tó fi nẹ́ẹ̀tì onírin yí i ká nítorí ìkookò, a sì kó gbogbo eérú lọ sí ààtàn lẹ́yìn ilé. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, ajá ń dá lọ sí ààtàn. Ọmọbìnrin ni mo bí, láàyè, pẹ̀lú igbe, sí ọwọ́ ìyá mi. Títí màá fi kú, n kò lè dúpẹ́ ìyẹn tán.

Ìyá mi padà sí Ìlọrin lẹ́yìn ogójì ọjọ́. Òjò rọ̀ ní ọjọ́ kẹta tó lọ, ajá náà sá wọ pálọ̀, ó sì tọ̀ sí àárín ilé. Ọkọ mi wà lórí àga rẹ̀. Ó wo ìtọ̀ náà, ó wò mí. Mò ń fún ọmọ lọ́mú. N kò yí ọmú padà, n kò mira, n kò sì gbé ojú mi kúrò lójú rẹ̀. Òjò ń rọ̀.

Nígbà tó yá, ó dìde, ó lọ gbé garawa.

N kò kí i pé ó ṣeun. Mo yí ojú sí ọmọ mi, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.