Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Oko Wa àti Katakata Tí Mo Yàn

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹrù kì í sọ̀ kalẹ̀ lóko wa, òkè ni gbogbo ẹrù ń lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń gun ọ̀kadà kọjá láàárín Òdìgbó àti Omifunfun lónìí, ẹ lè máà mọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí mò ń sọ. Títì wà lókè, odò wà nísàlẹ̀, oko bàbá mi wà láàárín. Ẹ̀gẹ́, kòkó, ẹyìn, gbogbo rẹ̀ la ń rù láti ìsàlẹ̀ lọ sí títì. Èmi ni mo sì lágbára jù nínú àwọn ọmọ ìgbà náà, mi ò purọ́. Apẹ̀rẹ̀ ẹ̀gẹ́ tí àwọn ẹ̀gbọ́n mi méjì ń pawọ́ pọ̀ gbé, èmi nìkan ni mò ń rù ú, màá tún máa súfèé. Ìwé ò wọ̀ mí lórí, ìwé kẹta ni mo ti sá, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè fi iṣẹ́ oko yangàn lójú mi.

Bàbá kan wà tó wá láti ìlú òkèèrè, tó ń dá kòkó lórí ilẹ̀ bàbá mi. Géńdé ni nígbà náà. "Ọmọ onílẹ̀" ló máa ń pè mí, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni, torí pé mo máa ń gbé àyà sókè bí ẹni tó ni gbogbo igbó. Lọ́jọ́ kan, bàbá mi ra páànù tí yóò fi bo ahéré tuntun létí odò. Wọ́n kó o sínú ọmọlanke lókè títì. Ìyẹn ni ẹrù àkọ́kọ́ tí mo rí tó ń lọ sísàlẹ̀. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n di apá ọmọlanke náà mú, pé mo tó o. Bàbá yẹn ń fi àdá la ọ̀nà níwájú.

A ò tíì rìn jìnnà tí ẹrù fi bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí lẹ́yìn. Mo fi gìgísẹ̀ gúnlẹ̀, ilẹ̀ ń yọ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá, àwọn ìyá wa ń fọ ẹ̀gẹ́ lódò, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọn ò mọ nǹkan kan. Bàbá yẹn bojú wẹ̀yìn, ó rí ohun tó ń bọ̀. Kò sá. Ó fa ìtì igi kan, ó fi dènà táyà, ó sì fi ara rẹ̀ ti igi náà. Ọmọlanke dúró. Páànù ò dúró. Òun ló gé iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀, láti ọjọ́ náà ló sì ti ń tiro.

Mo sọ nílé pé òkúta ló gba ọmọlanke lọ́wọ́ mi. Bàbá yẹn gbọ́, kò já irọ́ mi.

Ẹ wá wò ó, ayé yí. Kòkó ti dínkù lórí ilẹ̀ wa, koríko ni mò ń gbìn lẹ́bàá títì báyìí. A ó gé e, a ó sá a kó gbẹ, ẹ̀rọ á dì í ní ìdì-ìdì fún oúnjẹ màlúù mi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Létí odò ni ọgbà màlúù wà. Katakata kékeré mi ò lè fa ẹ̀rọ náà mọ́, mo bá lọ sí Ọ̀rẹ̀ láti yan èyí tó tóbi jù ú lọ. Méjì ni wọ́n fi hàn mí. Ọ̀kan ń dán, ohùn rẹ̀ ń bú bí àrá. Èkejì wúwo, ó rí jágbajàgba, bíréèkì rẹ̀ sì ṣeé so mọ́ ọkọ̀ ẹrù tó bá ń fà. Èmi wo èyí tó ń dán. Wọ́n ní kí n gbé e lọ dán wò.

Mo fi ẹ̀gẹ́ kún ọkọ̀ ẹrù, mo fi katakata fà á gun òkè bí ẹni fa ìgbálẹ̀. Àwọn ará oko pàtẹ́wọ́ fún mi. Bàbá yẹn, tó ti darúgbó gan-an, ń lọ́ okùn lẹ́nu ahéré létí odò. Ó ní, "Ó gòkè. Ṣé ó mọ̀ ọ́n sọ̀?"

Mo ní, "Bàbá, katakata ni o, kì í ṣe ewúrẹ́!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Ni mo bá já ẹ̀gẹ́ sílẹ̀, mo di koríko gbígbẹ lé e gègèrè, mo dorí kọ ìsàlẹ̀.

Ìdajì ọ̀nà ni ẹrù ti bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí lẹ́yìn. Mo mọ bó ṣe ń tini yẹn, ẹ̀yìn mi ò gbàgbé rẹ̀. Mo tẹ bíréèkì, táyà ò yí mọ́, ṣùgbọ́n katakata ń yọ̀ lọ lórí koríko. Mo wo iwájú. Bàbá yẹn jókòó lẹ́nu ahéré gan-an, okùn wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò lè sáré. Ẹsẹ̀ mi kan ti jáde sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti bẹ́. Mi ò mọ ohun tó dá a padà. Mo di ìtọ́kọ̀ mú, mo wọ́ ọ sínú oko ẹ̀gẹ́ mi. Ebè àkọ́kọ́ fọ́, èkejì fọ́, ẹ̀kẹta fọ́. Ẹ̀kẹrin gbà á dúró.

Bàbá yẹn tiro wá bá mi. Mo ṣì di ìtọ́kọ̀ mú. Ó wo ọwọ́ mi méjèèjì.

"Ọmọ onílẹ̀," ó ní, "lónìí, o ò jọ̀wọ́ rẹ̀."

Mo ní, "Bàbá, òkúta ìjọ́sí yẹn..."

"Òkúta wo? Kò sí òkúta lọ́nà yìí rí." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì padà lọ lọ́ okùn rẹ̀.

Èyí tó wúwo ni mo gbé. Ẹni tó tà á ní, "Ẹ̀gbọ́n, eléyìí kì í sáré o." Mo ní ta ló ń lé mi?

Láyé ìjọ́sí, ọrùn wa ló ń gbé ẹrù gòkè, ẹsẹ̀ èèyàn sì ni bíréèkì. Lónìí, ẹ̀rọ ló ń ṣe méjèèjì, kò tún yẹ kí ẹnikẹ́ni máa tiro nítorí ẹrù ẹlòmíràn. Láti Àgọ́ Aláyé títí dé Ọ̀rẹ̀, èmi ni wọ́n ń wá pè láti bá wọn yan katakata, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n yàn tó mi. Wọn á máa ròyìn ohun tí wọ́n fẹ́ fà fún mi. Èmi á kọ́kọ́ bi wọ́n pé: ta ló jókòó nísàlẹ̀?