Ẹja Tí Wọ́n Fi Búrẹ́dì Bò

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Àmúkòkò, etí la fi ń mọ̀ pé bàbá mi ti dé láti wáàfù Àpápá. Á húkọ́ lẹ́nu ọ̀nà, á bọ́ bàtà sílẹ̀ gbì, á sì béèrè ohun tí a sè. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ máa ń pe fóònù kí ẹ tó wálé, ẹ ò lè mọ bí ariwo bàtà ṣe ń fi ọmọ lọ́kàn balẹ̀.

Ọjọ́ kan ni àpò ẹrù já lù ú láyà níbi tí wọ́n ti ń já ẹrù ọkọ̀ ojú omi. Ọsibítù dá a padà sílé, wọ́n ní egungun rẹ̀ kò ṣẹ́, kó ṣáà máa jẹun dáadáa. Oúnjẹ gan-an ló sì kọ̀. Ìyá mi gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá, ó yíjú sí ògiri. Ó se ọbẹ̀ ata, bàbá mi ní inú òun kò gbà á. Mo gbọ́ tí obìnrin kan nínú ilé wa ń sọ nídìí ẹ̀rọ omi pé ẹni tó bá kọ oúnjẹ, ayé ló ń kọ̀ yẹn. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá ti jí, èémí bàbá mi ni mo kọ́kọ́ máa ń tẹ́tí sí.

Ní òwúrọ̀ kan, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dárúkọ nǹkan tó wù ú. Ó ní kúùkù ọkọ̀ òyìnbó kan ti fún òun jẹ rí: ẹja díndín tí wọ́n fi búrẹ́dì bò, tó ń dún lẹ́nu. Ìyá mi kò rí irú rẹ̀ rí láyé. Ohun tó mọ̀ ló ṣe. Ó rẹ búrẹ́dì sómi, ó pò ó bí ẹni po àkàrà, ó ki ẹja bọ̀ ọ́, ó dà á sínú òróró. Gbogbo rẹ̀ tú. Ẹja lọ́tọ̀, búrẹ́dì lọ́tọ̀. Ìyá mi jókòó sórí àpótí, ó fi etí ìró nu ojú. Ẹ̀rù bà mí gan-an, torí n kò rí ẹkún rẹ̀ rí.

Aládùúgbò wa kan láti Wàrí ló yọjú. Ọkọ rẹ̀ ti ṣe kúùkù nínú ọkọ̀ ojú omi rí. Ó wo inú agbada.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, no be àkàrà. Búrẹ́dì tó gbẹ ni, make you pound am.”

Gbígbẹ wá di wàhálà, torí òjò ò dá. Wọ́n tẹ́ búrẹ́dì tó kù sórí ìdérí ìkòkò lókè iná èédú, wọ́n ní kí n máa yí i kó má bàa jó. Èéfín ń ta mí lójú, n kò jẹ́ gbójú kúrò. Lójú tèmi, bí búrẹ́dì yẹn bá jó, bàbá mi lọ nìyẹn. Nígbà tó gbẹ tán, ìyá mi gún un nínú odó kékeré. Ó nu ẹja gbẹ, ó fi iyọ̀ àti ata pa á lára, ó rì í sínú ẹyin pípò, ó yí i nínú búrẹ́dì gígún, ó wá dín in nínú òróró tó ti gbóná dáadáa.

Ó gbé e wọlé, èmi dúró lẹ́yìn kọ́tìnnì. Ọkọ̀ ńlá kan ń kọjá lọ́nà, mo ń bẹ̀ ẹ́ nínú ọkàn mi kó tètè lọ kí n lè gbọ́ràn. Ó lọ. Ilé pa lọ́lọ́.

Ó dún kàrà. Ó tún dún kàrà.

Bàbá mi ní, “Iyọ̀ rẹ̀ kéré.”

Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Lónìí, inú ọ̀rá ni wọ́n ń ta búrẹ́dì lílọ̀ ní àwọn ṣọ́ọ̀bù Àpápá. Àwọn ọmọ-ọmọ mi á máa dín ẹja, wọ́n á máa tẹ fóònù, ọkàn wọn balẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Bàbá mi náà gbó, ó tọ́ kó tó lọ. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá gbé àwo síwájú mi, wọ́n á ní, “Màmá, ẹ jẹun, kí lẹ ń dúró dè?” Wọn kò mọ̀ pé mo ń dúró kó kọ́kọ́ dún lẹ́nu gbogbo wọn ná.