Igi Tútù Nílé Bàbá Táútáú

Bí ẹ bá bi bàbá onígi yìí bóyá igi ìdáná rẹ̀ gbẹ, ẹ ti dá wàhálà sílẹ̀ fún ara yín nìyẹn. Yóò kọ́kọ́ wò yín bí ìgbà tí ẹ bú bàbá rẹ̀. Yóò wá fa igi méjì yọ nínú òkìtì, yóò gbá wọn pọ̀ lẹ́bàá etí yín, kó! "Ẹ gbọ́ ọ? Ó gbẹ táútáú!" Bí ẹ ò bá tètè sanwó, yóò tún un gbá. Bí orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ṣe di ohun ìgbàgbé nìyẹn o. Tọmọdé tàgbà òpópónà yẹn, Bàbá Táútáú ni wọ́n ń pè é, òun náà sì ń jẹ́ ẹ tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Ká sọ tòótọ́, igi tó ń tà gbẹ. A ò ní torí pé a fẹ́ bú èèyàn ká purọ́ mọ́ ọn. Bí igi bá ti dé látinú igbó, kì í jẹ́ kó sùn kó tó là á, torí igi tí a ò là kì í gbẹ dénú. Yóò tò ó sórí pákó kó má baà fara kan ilẹ̀, yóò fi páànù bo orí rẹ̀, yóò wá ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún atẹ́gùn. Igi náà á wà níbẹ̀ fún ọdún kan gbáko, títí ìdí rẹ̀ á fi sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, tí yóò sì fúyẹ́ lọ́wọ́. Ẹni tó bá rà á, kó máa lọ, kó tanná sí i, ó ti parí. Ojú rẹ̀ ò ní ta á, èéfín ò ní lé e jáde.

Ilé tirẹ̀ wá ńkọ́? Háà! Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká sọ̀rọ̀ ibẹ̀.

Lójú Bàbá Táútáú, kí èèyàn máa fi igi gbígbẹ dáná nílé ara rẹ̀, ìwà àpà gbáà ni. Títà ni igi gbígbẹ. Èyí tí òjò ti pa, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé lulẹ̀, èyí tó ní kókó tí àáké kọ̀ sílẹ̀, àwọn wọ̀nyẹn ló ń ru wálé. Wọ́n á máa pariwo ṣùúù nínú ààrò onírin tó wà ní pálọ̀, wọ́n á máa yọ ìfòòfó lẹ́nu, wọn ò ní jó, wọn ò sì ní kú. Bó bá tún di àtisùn, bàbá á bẹ̀rẹ̀, á ti ilẹ̀kùn kékeré tí atẹ́gùn ń gbà wọ ìdí ààrò pa, kí iná lè máa tòògbé dàárọ̀, kí igi má baà tán kíá. Ọgbọ́n ló pè é. Bẹ́ẹ̀ iná tí ẹ fún lọ́rùn, kí ló tún kù tó lè ṣe ju kó máa rú èéfín lọ? Èéfín yẹn á gba inú páìpù irin tó yọ sórí òrùlé lọ sókè, òtútù á mú un níbẹ̀, á lẹ̀ mọ́ ara irin bí ọ̀dà. Ọ̀dà lé ọ̀dà, lọ́dọọdún. Bàbá ò sì gbọ́n páìpù náà láti ìgbà tí àbíkẹ́yìn wọn ti kúrò nílé. Ó ní ta ló máa ń gun òrùlé lọ wẹ irin.

Èyí tó wá burú jù ni ẹnu rẹ̀. Bí àlejò bá wọlé, tó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, Bàbá Táútáú á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "Ẹ má bínú jàre. Ìyàwó mi ni ò mọ iná dá." Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín. Télọ̀ ni ìyàwó rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ààrò yẹn náà ló sì gbé máṣíìnì rẹ̀ sí, torí ọwọ́ tó tutù ò lè rán aṣọ. Á kàn tẹ orí ba, á máa tẹ máṣíìnì lọ, ojú rẹ̀ á pọ́n koko.

Nígbà tó yá, àwọn oníbàárà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóòórùn aṣọ kí wọ́n tó wọ̀ ọ́. Ọkùnrin kan da ṣòkòtò rẹ̀ padà tìbínú-tìbínú. Ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ rán an ni, àbí ẹ yan án?" Bàbá Táútáú fẹ́ rẹ́rìn-ín sí èyí. Ó wo ojú ìyàwó rẹ̀, ó gbé ẹ̀rín náà mì.

Kò pẹ́ sí ìgbà yẹn ni ọ̀gá ilé ìwé àdúgbò gbé aṣọ funfun wá, kí ìyá télọ̀ bá òun fi rán aṣọ ìgbéyàwó ọmọ òun. Funfun báláú! Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ló ń sọ télọ̀ di ẹni tí wọ́n ń wá láti ìlú mìíràn. Ìyá tẹ́ aṣọ náà sórí tábìlì, ó fọwọ́ pa á lára, ó wá yíjú sí ọkọ rẹ̀.

"Bàbá wa, ẹ gbọ́ o. Mo ti fara da ẹ̀gàn yín, mo ti fara da èéfín yín. Bí èéfín bá fi lè kan aṣọ yìí pẹ́nrẹ́n, ilé ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń lọ. Ẹ má sì retí mi."

Bàbá ní, "Ṣé torí èéfín lásán?"

"Kì í ṣe èéfín nìkan ló ń rú nílé yìí," ni obìnrin náà wí, ó sì ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́.

Ẹ̀gbọ́n tí ìyàwó rẹ̀ ń wí yìí kò gbé jìnnà, òkè òpópónà yẹn náà ni, tí èèyàn bá dúró lójú fèrèsé rẹ̀, yóò rí òrùlé wọn kedere. Àmọ́ obìnrin tó bá ti wọ ilé ẹ̀gbọ́n yẹn, ó dìgbòóṣe. Ẹ̀gbọ́n náà kò fẹ́ràn Bàbá Táútáú láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Bàbá sì fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀, ó fẹ́ràn rẹ̀ gan-an ni, ẹnu lásán ni kò jẹ́ kó hàn. Ìró máṣíìnì yẹn ló fi ń mọ̀ pé òun wà nílé.

Ó wá pinnu pé òun á ṣe dáadáa. Ẹ wá gbọ́ nǹkan.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀ wá gba aṣọ, òtútù mú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bàbá Táútáú lọ sídìí òkìtì ọjà rẹ̀, ó ṣa èyí tó gbẹ jù nínú èyí tó gbẹ. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó ru igi gbígbẹ wọ ilé ara rẹ̀. Ó kó o kún ààrò dẹ́nu, ó ṣí ilẹ̀kùn atẹ́gùn sílẹ̀ gbayawu, ó ṣáná sí i. Iná gbà! Pálọ̀ móoru, kò sí èéfín kankan. Ìyá gbójú sókè lórí aṣọ funfun tó ń parí etí rẹ̀, ó wo iná, ó wo ọkọ rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Bàbá na àyà síwájú bí ẹni tó dá iná sáyé.

Ó ṣe díẹ̀, páìpù bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ó kùn, ó kùn, ó di ariwo lọ́ọ̀rì tó ń gun òkè. Ara irin pọ́n. Gbogbo ọ̀dà tí igi tútù ti ń fi pamọ́ síbẹ̀ láti ọdún gbọ́nhan, iná ńlá yìí lọ bá a lókè, ó gbiná.

"Yéè! Páìpù ń jó!" Bàbá sáré gbé korobá omi.

"Má da omi sí i!" Ìyá ti fò dìde. "Ṣé o fẹ́ kí irin bẹ́ mọ́ wa lójú ni? Gbé e sílẹ̀!" Ó fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀kùn atẹ́gùn pa, gbà, ó ti ẹnu ààrò náà pa, ó kó aṣọ ìgbéyàwó mọ́ àyà, ó já síta. "Ẹ gbà wá o! Ẹ pe panápaná!"

Bàbá Táútáú wo ọ̀tún, ó wo òsì. Àwòrán àwọn ọmọ wà lára ògiri. Máṣíìnì ìyàwó rẹ̀ wà nílẹ̀. Kí ló gbé? Igi ni. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti bá ara rẹ̀ níta, ó gbá ìdì igi gbígbẹ tó kù mọ́ra bí ọmọ ọwọ́. Ìyàwó rẹ̀ wo igi náà, ó wo ojú rẹ̀. Ì bá tiẹ̀ bú u, ì bá sàn.

Ọpẹ́ ni pé panápaná ò pẹ́. Bí ìyá ṣe ti àwọn ilẹ̀kùn yẹn pa ló jẹ́ kí iná má ráàyè, wọ́n rí i pa kó tó kan òrùlé. Ọ̀gá wọn tú páìpù, ó gbé e síta, ó gbá a mọ́ ilẹ̀. Ohun dúdú kan já bọ́ látinú rẹ̀, ó nípọn tó apá.

"Igi tútù ló fa èyí," ni ọ̀gá panápaná wí. "Igi tútù àti iná tí wọ́n ń fún lọ́rùn. Ta ló ń dáná nílé yìí?"

Gbogbo òpópónà ti pé síbẹ̀: oníbàárà bàbá, oníbàárà ìyá, ọ̀gá ilé ìwé, àti ẹ̀gbọ́n ìyá tó rọ̀ wálẹ̀ látòkè pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Ẹnì kan ti ẹ̀yìn sọ̀rọ̀, ó ní, "Ìyàwó náà ò kúkú mọ iná dá. Ọkọ rẹ̀ ti ń sọ ọ́ tipẹ́." Ojú gbogbo èèyàn bá yí sí obìnrin tó gbé aṣọ funfun lọ́wọ́. Obìnrin náà tẹjú mọ́ ọkọ rẹ̀.

Bí bàbá bá dákẹ́, ó bọ́. Orúkọ rẹ̀ ò ní bàjẹ́, igi rẹ̀ ò ní kùtà. Òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Èmi ni," ni Bàbá Táútáú wí. Ohùn rẹ̀ kéré. Ọ̀gá panápaná ní kó wí i sókè. "Mo ní èmi ni! Igi gbígbẹ ni mò ń tà fún yín, igi tútù ni mò ń kó wálé. Èmi ni mò ń ti atẹ́gùn pa. Ìyàwó mi mọ iná dá. Òun ló gba ilé yìí là lónìí."

Ariwo sọ. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín, àwọn kan ń pòṣé. Ìyá rìn wá síwájú rẹ̀, ó na etí aṣọ funfun sí i nímú.

"Gbóòórùn rẹ̀. Ṣé ó ń rùn?"

Ọkùnrin tó ti ń pariwo táútáú láti ọjọ́ tó ti ń tajà mí kanlẹ̀. Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Ó ń rùn díẹ̀," ló wí.

"Ó dáa. Ru igi yẹn tẹ̀ lé mi. Ilé ẹ̀gbọ́n mi tutù."

Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ó ru igi rẹ̀, ó ń wọ́ tẹ̀ lé àwọn obìnrin méjì gba àárín èrò kọjá, àwọn aláìnítìjú sì ń kí i, "Bàbá, ṣé ó gbẹ?" Lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀gbọ́n ìyá fa igi méjì yọ, ó gbá wọn pọ̀, kó! Ó tẹ́tí, ó mi orí.

"Igi lè wọlé," ló wí. "Ìwọ, lọ sá ara rẹ sóòrùn ná." Ó ti ilẹ̀kùn.

Atẹ́gùn ilé ẹ̀gbọ́n gba òórùn náà kúrò lára aṣọ, wọ́n fi gbé ìyàwó, ọ̀gá ilé ìwé sì sanwó tayọ̀tayọ̀. Ìyá ò padà sílé, ó ní kí wọ́n gbé máṣíìnì òun wá bá òun níbẹ̀. Bàbá ń gbé igi gbígbẹ lọ sẹ́nu ọ̀nà yẹn lójoojúmọ́, ẹ̀gbọ́n ń gbà á, kò sí ẹni tó ní kó jókòó. Níkẹyìn ó ra páìpù tuntun. Ó ra búrọ́ọ̀ṣì onírin tó gùn, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbọ́n páìpù. Igi tútù ilé, ó là á, ó tò ó sórí pákó, ó fi í lé oòrùn lọ́wọ́. Ó wá ń dá iná díẹ̀díẹ̀, igi gbígbẹ, atẹ́gùn ní ṣíṣí, kò sì tún fún iná lọ́rùn mọ́. Ilé móoru. Kò sì gbádùn rẹ̀ rárá, torí kò sí ìró máṣíìnì.

Àárọ̀ ọjọ́ kan tí òtútù ń bu èèyàn jẹ, tí kò sì jẹ́ kí bàbá gbé igi lọ láti àná, ilẹ̀kùn ṣí gbàgà. Ìyá ni. Ó ń mí helehele, téèpù ìwọnṣọ wà lọ́rùn rẹ̀, ìka rẹ̀ kan ṣì wà nínú ìbọ̀ka abẹ́rẹ́. Ó bá ọkọ rẹ̀ níwájú ààrò, iná ń jó kẹ̀ẹ̀, ó mọ́ rekete.

Ó fọwọ́ di ògiri mú. "Èéfín ò jáde," ló wí. "Ẹ ò gbé igi wá, mo wo òrùlé wa láti fèrèsé láàárọ̀ àná, mo wò ó lónìí, èéfín ò jáde. Mo rò pé òtútù ti pa yín ni." Ó bú sẹ́kún. Lẹ́yìn náà, inú bí i sí ẹkún tó sun. "Ẹ̀yin ọkùnrin yìí, ìyà ni yóò jẹ yín! Ẹ ò lè ránṣẹ́ sí mi pé ẹ ti mọ iná dá?"

Bàbá Táútáú fa àga tó móoru jù sún mọ́ ọn.

Ìyá jókòó, ó na ọwọ́ sí iná, ó nu ojú. Ó wo àyè tí máṣíìnì rẹ̀ máa ń wà.

"Kí lẹ ń wò?" ló wí. "Ẹ lọ gbé e wá."