Ohun Tí Ìwé Agolo Aró Kò Sọ

Nígbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe, mo máa ń kọ́kọ́ tún ọrùn agbádá mi ṣe kí n tó dáhùn pé òǹkọ̀wé ìlànà ìlò ni mí. Bí ọ̀rọ̀ náà ti ń dùn mọ́ mi lẹ́nu tó, bẹ́ẹ̀ ni ojú ẹni tó ń gbọ́ ọ máa ń ṣófo. Ìyá ìyàwó mi kò fi tirẹ̀ pamọ́.

"Ọkọ ọmọ mi, kí lẹ ń kọ gan-an?"

"Mo ń kọ bí a ṣe ń lo nǹkan, mà."

"Ẹni tó ra nǹkan ọ̀hún kò mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó? Kí wá ló rà á sí?"

Mo fún un lésì pé ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀. Ó ní òun rí i bẹ́ẹ̀.

Olùkọ́ èdè Yorùbá ni mí tẹ́lẹ̀, ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan l'Abẹ́òkúta. Mo gbà lọ́kàn ara mi pé ní gbogbo ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ẹni méjì péré ló lè to gbólóhùn bó ti yẹ, mo sì ń ṣiyèméjì nípa ẹnì kejì. Nígbà tí ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ipò lọ́wọ́ àwọn ológun, tí aṣọ kàǹpálà gba ìgboro kan, ilé-iṣẹ́ kan tó ń kó aró òyìnbó wọlé ṣí ọ́fíìsì sí Ìbarà. Àwọn aláró Ìtòkú ni wọ́n fẹ́ tà á fún. Wọ́n wá ń wá ẹni tí yóò kọ ẹ̀dà Yorùbá ti ìwé pélébé Gẹ̀ẹ́sì tí yóò máa bá agolo lọ, èyí tí yóò sọ bí a ṣe ń po aró náà mọ́ kọ́sítíìkì sódà. Wọ́n fi àga tó ń yí hàn mí, wọ́n tan fáànù sí mi lórí. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo kọ̀wé fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀.

Ọ̀gá tí wọ́n fi lé mi lórí ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé ni. Ó ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìwé ìlànà débi pé ó ní ìlànà tí a fi ń kọ ìlànà. Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà. Ìgbésẹ̀ inú ìwé Yorùbá kò gbọdọ̀ fi ẹyọ kan ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ, kò sì gbọdọ̀ fi ẹyọ kan dín. Táì kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, bí oòrùn tilẹ̀ ń yan àpáta. Ohun kan ṣoṣo tí kò ṣe rí ni kí ó ti ọwọ́ bọ aró.

Èmi náà kò ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ rí. Ṣùgbọ́n mo ní èdè. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi jókòó ti ìwé ọ̀hún, ó sì dùn débi pé mo ń kà á sókè fún ara mi. Níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti ní kí a da omi sínú bàsíà, èmi kọ ọ́ pé kí oníṣẹ́ ọnà fi ìfarabalẹ̀ tú omi tó mọ́ gaara sínú ohun èlò tó gbòòrò níkùn. Ọ̀gá mi kò yẹ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wò. Ó ka iye ìgbésẹ̀, ó rí i pé wọ́n pé, ó ní iṣẹ́ mi dára.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí agolo wọ ọjà nígbà tí mo mú ìwé náà àti agolo kan lọ sí Ìtòkú, sọ́dọ̀ Àlàájà kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ ìyá mi. Òun ni àgbà láàárín àwọn aláró àdúgbò náà. Kí n má purọ́, ìyìn ni mo bá lọ. Ó jókòó lórí àpótí, aró ti sọ apá rẹ̀ méjèèjì di dúdú dé ìgbọ̀nwọ́, àwọn obìnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́ sì yí i ká. Mo dúró, mo tún ohùn ṣe, mo kà á.

"Ṣé ìwé lò ń kà ni, àbí ò ń kéwì?" ni Àlàájà bi mí.

"Ìwé ni, mà."

"Ohun èlò tó gbòòrò níkùn. Ṣé kì í ṣe èmi lò ń bú ṣá?"

Ẹ̀rín sọ nínú agbolé. Ẹnì kan ní kí n tún un kà, kí àwọn tó wà lẹ́yìn gbọ́ èébú náà dáadáa.

Àlàájà ní kí n máa kà á díẹ̀díẹ̀, kí òun máa ṣe é. Ó da omi, ó da aró, ó da sódà, ó fi igi pò ó. Mo ka ìgbésẹ̀ kẹrin, pé kí ó máa pò ó títí yóò fi ṣe déédéé. Mo ń ṣí ìwé sí ẹ̀yìn kejì ni mo rí i tó ti ìka bọ inú bàsíà, tó sì ń gbé ìka náà lọ sí ahọ́n rẹ̀.

N kò mọ̀gbà tí mo fò sí i, tí mo gbá ọwọ́ náà kúrò.

"O gbá mi lọ́wọ́?"

"Ẹ má bínú, mà. Sódà ni! Yóò bó yín láhọ́n!"

"Ṣé ó wà nínú ìwé rẹ?"

Mo wo ìwé tí mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ lórí. "Kò sí níbẹ̀, mà."

Kí wọ́n tó bu omi wá fún un, orí ìka náà ti ń yọ̀, ó ti pọ́n. Ó fọ̀ ọ́, ó fọ̀ ọ́, ó sì ń bá mi wí bó ti ń fọ̀ ọ́. Láti ìgbà ìyá ìyá rẹ̀, ahọ́n ni wọ́n fi ń mọ̀ bí omi eérú bá ti mú tó fún aró. Kò sí aláró Ìtòkú tí kì í tọ́ ọ wò. Eérú kì í bó ẹnikẹ́ni láhọ́n.

"O ní kí n pò ó títí yóò fi ṣe déédéé. Ta ni yóò wá sọ fún mi pé ó ti ṣe déédéé? Ìwọ?"

Ahọ́n gbogbo obìnrin tó yí wa ká ló wá sí mi lọ́kàn, àti ọ̀sẹ̀ kan péré tó kù.

"Mo lè kọ ọ́ pé kí wọ́n má tọ́ ọ wò, mà."

"Tí o bá gba ahọ́n lọ́wọ́ wa, kí lo fi dípò? Kọ ọ́ báyìí: ẹ fi igi ti ìrépé aṣọ bọ̀ ọ́. Tó bá jáde bí àwọ̀ ewé, tí atẹ́gùn wá sọ ọ́ di dúdú lójú yín, ó ti gbó."

Mo kọ ọ́ bó ti pè é, n kò ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ kankan.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé e lọ síwájú ọ̀gá mi.

"Ta ló ń lá kọ́sítíìkì sódà?"

"Gbogbo Ìtòkú, sà."

"Kò sí nínú Gẹ̀ẹ́sì."

"Àwọn tó kọ Gẹ̀ẹ́sì kò dé Ìtòkú rí, sà."

"Ìwé ìlànà ń sọ ohun tí ènìyàn yóò ṣe. Kì í sọ ohun tí wèrè kò gbọdọ̀ ṣe. Tí a bá fi ìgbésẹ̀ kan kún Yorùbá, wọn ò ní bára mu mọ́."

"Kí wọ́n má bára mu, sà."

Ó wò mí bí ẹni pé mo bú ìyá rẹ̀. Ìwé kan wà tí òǹkọ̀wé gbọ́dọ̀ buwọ́ lù kí iṣẹ́ tó lọ sí ilé ìtẹ̀wé. Ó tì í sí mi. Mo tì í padà. Ó bi mí bóyá mo mọ̀ pé ẹlòmíràn lè jókòó sórí àga tó ń yí yẹn. Mo ní mo mọ̀, ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ tẹ̀ lé mi dé Ìtòkú. Ó gbà, ó ní òun fẹ́ fi hàn mí pé obìnrin kan kì í ṣe gbogbo ọjà.

"Ẹ kú ìrìn o, ọ̀gá! Ẹ kú oòrùn!" Àlàájà gbé àga fún un, ó bu omi eérú díẹ̀ sínú igbá, ó nà án sí i. "Ẹ tọ́ ọ wò."

Ọ̀gá mi wò mí. Gbogbo obìnrin ibẹ̀ wò ó. Ó fi ìka kan án, ó fi ìka kan ahọ́n, ojú rẹ̀ sì ká jọ.

"Ó ta yín lẹ́nu? Ó ti mú tó nìyẹn. Bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n nìyẹn." Àlàájà wá fa bàsíà aró tó ti fi sódà wa pò síwájú ọ̀gá mi. "Ó yá, ẹ tọ́ tiyín náà wò."

Ọ̀gá mi bẹ́ sẹ́yìn, àga dojú dé. "Rárá, mà! Kò gbọdọ̀ kan ẹnu!"

"Kí ló dé? Ta ló sọ fún yín? Kò kúkú sí nínú ìwé yín."

"Ọ̀gá, ẹ ṣe bí ìwé ṣe wí!" ni obìnrin kan ké láti ẹ̀yìn.

"Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ tú ọ̀já ọrùn ẹ̀ ná," ni èkejì wí, "kí aró má kán sí i."

Nínú ọkọ̀, ó ń fi áńkáṣíìfù nu ahọ́n títí a fi súnmọ́ Ìbarà. Ó wá ní a ó fi ìgbésẹ̀ náà sí Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú, kí wọ́n lè bára mu. Ó fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá l'Ékòó pé òun ṣàkíyèsí ohun kan nígbà tí òun ń ṣèbẹ̀wò sí ọjà, wọ́n sì kọ̀wé ìyìn sí i. Ó fi ìwé ìyìn náà sínú férémù, ó gbé e kọ́ sí ògiri lókè orí mi gan-an. N kò jiyàn. Fífa igi lé ọ̀rọ̀ ara mi ni mo dojú kọ ní ọ̀sán ọjọ́ tí a ti Ìtòkú dé, ó sì dùn mí ju eyín fífà lọ. Nígbà tí mo ṣe tán, ìfarabalẹ̀ ti lọ, omi tó mọ́ gaara ti lọ, oníṣẹ́ ọnà pàápàá ti lọ.

Ọjọ́ tí ìwé jáde, mo mú ẹ̀dà kan lọ bá Àlàájà. Ó lè ka kéú, kò lè ka tiwa.

"Fi tèmi hàn mí."

Mo fi ìka sí i. Ó fi tirẹ̀ sí i pẹ̀lú, èyí tí awọ rẹ̀ ń bó lọ́wọ́.

"Ibi yìí nìkan?"

"Ibẹ̀ ni, mà."

"Ó mà kúrú o." Ó yí ìwé náà síwájú, ó yí i sẹ́yìn, ó wo àwọn ìlà tó kún inú rẹ̀ bámú. "Ìyókù ńkọ́? Kí ni wọ́n ń sọ?"

Mo wo gbogbo ìlà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Wọ́n ń sọ pé kí ẹ da omi sínú bàsíà, mà."

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ó yíjú sí àwọn obìnrin rẹ̀, "wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún wa o. Omi ni ká máa dà sínú bàsíà."